Ariwo Tí Kò Yẹ Kí A Pa Lẹ́nu Mọ́

Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ rélùwéè kékeré tí àwọn ènìyàn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe, tí wọ́n sì ń wà lórí irin tí àlàfo rẹ̀ lè má ju íǹṣì 5 lọ. Ohun ìṣeré ni lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, iná gidi ni ó ń jó nínú rẹ̀, omi gidi ni ó ń hó, ooru rẹ̀ sì tó fa àgbàlagbà mélòó kan. Láti ọdún 1898 ni ìwé ìròyìn The Model Engineer, tí Percival Marshall dá sílẹ̀, ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n òfin ààbò rẹ̀ ti wà ṣáájú ìwé náà, ikú ni ó sì kọ́ ènìyàn ní púpọ̀ nínú rẹ̀.

Bí omi bá di ooru níta gbangba, yóò fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 1,600. Denis Papin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, mọ ewu tó wà nínú dídí ẹnu irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ pa. Láàárín ọdún 1679 sí 1681, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣe ìkòkò tí ń se egungun títí yóò fi rọ̀. Ó fi ìdérí kékeré kan sí i, ó sì gbé ohun wíwúwo lé e. Bí ooru bá pọ̀ jù, yóò gbé ìdérí náà, yóò sì jáde.

Ọgbọ́n ti wà nígbà náà, ìgbọràn ni kò tíì sí. Ní ọdún 1803, ẹ̀rọ Richard Trevithick kan tí ń fa omi ní Greenwich bú gbàmù, ó sì pa ènìyàn. Lẹ́yìn èyí ni Trevithick bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdérí ààbò méjì sí ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì fi òjé dí ihò kan lára ìkòkò ooru, kí òjé náà lè yọ́ bí omi bá gbẹ. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1831, ó tún ṣẹlẹ̀ ní South Carolina, Amẹ́ríkà. Ìtàn sọ pé ariwo ìdérí ààbò ẹ̀rọ Best Friend of Charleston sú ẹni tí ń koná, ó sì tẹ̀ ẹ́ pa. Ariwo dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkòkò náà bú, ó sì gba ẹ̀mí rẹ̀.

Ní ọdún 1855 ni John Ramsbottom ṣe ìdérí ẹlẹ́nu méjì tí sípíríǹgì kan ṣoṣo so pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ọ̀kan pa, èkejì ni yóò ṣí.

Gbogbo ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ni ẹ̀rọ kékeré jogún. Kí ìkòkò tuntun tó rí iná, omi tútù ni wọn yóò fi dán an wò, ní ìlọ́po méjì agbára tí yóò fi ṣiṣẹ́. Bí ó bá sán, omi yóò kàn jò ni, kò ní fọ́n irin ká bí ooru ti í ṣe. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ dá iná láìrí omi nínú gíláàsì tí ń fi ìwọ̀n rẹ̀ hàn. Ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà méjì tí yóò máa gbà bu omi kún un. Bí omi bá pòórá nínú gíláàsì náà, kí ó má ṣe da omi tútù sí i. Iná ni kí ó kọ́kọ́ kó dànù. Bí ìdérí ààbò bá sì ń pariwo, kí ó jẹ́ kí ó pariwo: ohùn àwọn tó ti kú ni.