Bí Kóòdù Ṣe Di Ohun Tó Ń Rìn Lórí Síláìdì

Ogún ìlà kóòdù wà lára ògiri, olùkọ́ tẹ bọ́tìnì, ogún ìlà mìíràn rọ́pò rẹ̀. Kí ló yí padà níbẹ̀? Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wá a rí, olùkọ́ ti kọjá lọ. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń fi síláìdì kọ́ni ní kóòdù báyìí.

Ọdún 1987 ni PowerPoint jáde fún kọ̀ǹpútà Macintosh. Ilé-iṣẹ́ Forethought ni Robert Gaskins àti Dennis Austin ti ṣe é, ọdún náà kò sì tíì parí tí Microsoft fi ra ilé-iṣẹ́ ọ̀hún ní mílíọ̀nù 14 dọ́là. Ẹni tó bá fẹ́ fi kóòdù hàn níbẹ̀, àwòrán rẹ̀ ló sábà máa ń lẹ̀ mọ́ síláìdì. Bí lẹ́tà kan bá ṣì, ó di kó tún àwòrán yà.

Ní Gánà, àwọn tó nílò nǹkan tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ ń pọ̀ sí i. Nii Quaynor, tó dá ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Yunifásítì Cape Coast lọ́dún 1979, wà lára àwọn tó so orílẹ̀-èdè náà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní nǹkan bí ọdún 1995. Ní Accra, ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ashesi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002 nínú ilé tí wọ́n háyà ní Labone. MEST, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ sọ́fítíwíà, tẹ̀lé e ní 2008.

Ní 2004, Eric Meyer gbé S5 jáde, ó sì fi hàn pé ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì lásán lè ṣe iṣẹ́ síláìdì. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là, nítorí kóòdù inú ojú-ìwé kì í ṣe àwòrán mọ́: ó ṣeé tún ṣe, ó ṣeé kùn láwọ̀. Highlight.js tí Ivan Sagalaev bẹ̀rẹ̀ ní 2006 ló ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn kùn ún. Hakim El Hattab, ọmọ Sweden, wá ṣe reveal.js, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe irú síláìdì bẹ́ẹ̀, ní 2011.

Nínú reveal.js, bí o bá kọ data-line-numbers="1|3-4" sára kóòdù, ìlà kìíní nìkan ni yóò kọ́kọ́ mọ́lẹ̀, ìyókù á ṣú díẹ̀; tí o bá tún tẹ bọ́tìnì, ìmọ́lẹ̀ á bọ́ sórí ìlà kẹta àti ìkẹrin. Ẹ̀dà 4.0, tó jáde ní 2020, fi Auto-Animate kún un. Síláìdì méjì tó tẹ̀lé ara wọn ni wọ́n ń sàmì sí, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á wá ìlà tó jọra: èyí tó wà tẹ́lẹ̀ á sún, tuntun á yọ díẹ̀díẹ̀. Apple ti ṣe irú rẹ̀ fún àwòrán nínú Keynote, ètò síláìdì tirẹ̀, ní 2009. Slidev, irinṣẹ́ síláìdì mìíràn tí Anthony Fu bẹ̀rẹ̀ ní 2021, náà ti ń ṣe é fún kóòdù.

Lójú tèmi, ohun tí síláìdì gbà lọ́wọ́ pátákó ni kóòdù tó ń rìn báyìí ń dá padà. Ní 2018, àwòrán Richard Appiah Akoto, olùkọ́ kan ní Sekyedomase ní Gánà, tàn káàkiri ayé: ó ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ojú Microsoft Word sára pátákó, torí pé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní kọ̀ǹpútà. Ìyà ni, kò sí àní-àní. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níwájú pátákó ń rí ìlà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń ti ọwọ́ olùkọ́ jáde, àǹfààní yẹn kò sì sí nínú síláìdì tó kàn ń fò láti ojú kan sí òmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní Accra mọ dumsor, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ sì mọ iye tí dátà ń gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí síláìdì yín máa pe reveal.js láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ dà á sínú kọ̀ǹpútà, ẹ pa Wi-Fi, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ wò tán pátá kí ẹ tó wọ kíláàsì.