Láti Sheffield dé Ṣọ́ọ̀bù Wẹ́dà: Ìtàn Maṣíìnì Fáìlìn

 Ìtàn tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti ogun. Ìtàn ohun tó ń pariwo lẹ́bàá títì ni: maṣíìnì kékeré tí àwọn wẹ́dà, àwọn tó ń ṣe fèrèsé àti àwọn tó ń lẹ táìsì fi ń gé nǹkan. Lára páálí rẹ̀, angle grinder ni wọ́n kọ. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n á ti mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni. Fáìlìn ni wọ́n ń pè é, ó sì jọ pé lára fáìlì ọlọ́wọ́ tí wọ́n fi ń họ irin látijọ́ ló ti jogún orúkọ náà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò lọ fún IT. Ẹni tí wọ́n bá fi sí wọ́kṣọ́ọ̀bù, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi gbé fáìlìn lé e lọ́wọ́, ó sì ṣeé ṣe kó má bá gáàdì lára rẹ̀. Tó bá béèrè, wọ́n á ní gáàdì ń dí àwọn lójú, pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ iṣẹ́ ló ń lò ó. Àwa wá bi ara wa pé: ta ló kọ́kọ́ ronú pé ó yẹ kí nǹkan bo òkúta tó ń yí, kí ló sì rí tó fi ronú bẹ́ẹ̀?

Fífi òkúta pọ́n nǹkan kì í ṣe tuntun sí wa. Ẹdùn àrá tí àwọn baba wa ń hú nínú oko, tí wọ́n ní Ṣàngó ló sọ ọ́ láti òkè, àwọn awalẹ̀pìtàn ní àáké òkúta ni, tí ẹnìkan fara balẹ̀ pọ́n títí ó fi dán. Thurstan Shaw rí irú àáké bẹ́ẹ̀ nígbà tó walẹ̀ ní Ihò Ẹléérú, nítòsí Àkúrẹ́, ní 1965. Ẹni tó bá ti pọ́n àdá rí mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ: ẹ bu omi sórí òkúta, ẹ sì máa fa àdá lọ, kí ẹ máa fà á bọ̀. Kò yá, ṣùgbọ́n òkúta kò lè fọ́ lu ẹnikẹ́ni, omi kì í sì í jẹ́ kí eruku gbéra.

Ìgbà tí omi odò, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ onísítíìmù, bẹ̀rẹ̀ sí í yí òkúta fún ènìyàn ni nǹkan yí padà. Ibi tí ìtàn náà ti hàn jù ni Sheffield, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀bẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òkúta oníyanrìn ńlá ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Orí pákó kan tí wọ́n ń pè ní ẹṣin ni olùpọ́n máa ń jókòó sí, yóò sì tẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkúta. Bí òkúta bá ní ìsán tí ojú kò rí, ọjọ́ kan ni yóò fọ́ lórí eré, yóò sì gbé àti ẹṣin àti ẹni tó gùn ún sọ sókè.

Ikú òjijì nìyẹn. Èyí tó ń pa púpọ̀ jù lọ kò yára bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fi omi pọ́n àwọn nǹkan kan, ṣùgbọ́n gbígbẹ ni wọ́n ń pọ́n fọ́ọ̀kì, eruku òkúta àti ti irin á sì kún inú ilé. Ní 1830, dókítà kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Arnold Knight kọ̀wé lórí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí àwọn olùpọ́n ń ní. Friedrich Engels gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé tirẹ̀ ní 1845: àwọn tó ń pọ́n ní gbígbẹ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ọdún 35 láyé, àwọn tó ń fi omi pọ́n kì í sì í sábà kọjá 45. Ọdún mẹ́wàá ni omi fi kún ẹ̀mí ènìyàn.

Ní àwọn ọdún 1820, ẹnìkan tó ń jẹ́ Abraham ṣe ohun èlò onímágínẹ́ẹ̀tì kan láti máa gba eruku irin kó tó wọ imú. Mágínẹ́ẹ̀tì a máa fa irin. Kì í fa òkúta, eruku òkúta ló sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ jù. Àwọn òṣìṣẹ́ kò lò ó. Ìròyìn tó wà nílẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí ẹ̀mí bá gùn nínú iṣẹ́ náà, àwọn èèyàn á ya wọ inú rẹ̀, owó iṣẹ́ á sì wálẹ̀. Àwọn ọlọ́lá ìgbà náà fi èyí pè wọ́n ní òmùgọ̀. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń san owó ààyè tó jókòó sí, tó jẹ́ iye ọ̀bẹ tó bá pọ́n ni wọ́n ń san fún, ìṣirò tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì. Ẹ wo ọ̀gá tó tú gáàdì kúrò kí iṣẹ́ lè yá: ìṣirò kan náà ló ń ṣe. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ Sheffield padà díẹ̀díẹ̀ ni fáànù tó ń fa eruku jáde láti ìdí òkúta, àti òfin 1867 tó fún àwọn alábẹ̀wò ìjọba lágbára láti ní kí wọ́n fi fáànù náà síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òkúta fúnra rẹ̀ yí padà. Ní 1891, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, Edward Acheson ń wá bí yóò ṣe dá dáyámọ́ǹdì fúnra rẹ̀. Ó da amọ̀ pọ̀ mọ́ èédú kóòkù, ó sì gba iná mànàmáná kọjá nínú rẹ̀. Dáyámọ́ǹdì kọ́ ló rí, àwọn èérún kan tó ń dán tó sì le gan-an ni. Ó pè é ní Carborundum. Ní 1895 ó gbé iṣẹ́ náà lọ sí Niagara Falls, níbi tí iná mànàmáná ti pọ̀. Ní 1897, Charles Jacobs rí ọ̀nà láti ṣe ohun líle mìíràn, aluminium oxide, òun ló sì pọ̀ jù nínú dísíkì tí a fi ń gé irin lónìí. Òkúta tí ènìyàn ṣe kò ní eruku òkúta oníyanrìn nínú. Bí ó ṣe ń gba ipò ti àtijọ́, àìsàn Sheffield náà ń lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí Leo Baekeland sì ṣe Bakelite ní 1907, irú oje líle bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń di èérún pọ̀. Òun ló jẹ́ kí dísíkì lè tinrín, kó sì lè sáré ju òkúta amọ̀ sísun lọ.

Títí di àkókò yìí, ojú kan ni maṣíìnì dúró sí. Iṣẹ́ ló ń wá bá a. Àwọn ará Jámánì ló gbé e rìn. Ilé-iṣẹ́ Ackermann + Schmitt, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1922, kọ́kọ́ ṣe èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dá wà, tí ọ̀pá tó ń tẹ̀ bí okùn ń gbé agbára rẹ̀ lọ sí ọwọ́ òṣìṣẹ́. Lára ọ̀pá títẹ̀ yẹn ni orúkọ Flex ti wá. Ní 1954, wọ́n gbé fáìlìn oníyára jáde, tí ẹ́ńjìnnì, jíà àti dísíkì wà lára ọwọ́ kan ṣoṣo. Ní Jámánì lónìí, Flex ni wọ́n ń pe gbogbo irú rẹ̀, bí àwa ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun ní Omo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Gbogbo ààbò tí àwọn èèyàn fi ẹ̀mí wọn rà, ara ilé ni wọ́n kàn án mọ́: fáànù wà lára ògiri, ìbòrí irin wà lára ìdí òkúta. Nígbà tí maṣíìnì dìde tó ń tẹ̀lé ènìyàn lọ sí orí òrùlé àti ẹ̀bá títì, ààbò kò bá a lọ. Gáàdì nìkan ló tẹ̀lé e. Ìyókù di ohun tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi sára.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò lórí gáàdì yìí. Dísíkì 115 mm tí a ń lò lórí maṣíìnì kékeré, wọ́n sábà ń ṣe é kí etí rẹ̀ má sáré ju mítà 80 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn kìlómítà 288 láàárín wákàtí kan. Maṣíìnì náà sì ń yí bí ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan, ó wà láàlà. Nígbà mìíràn, dísíkì ńlá 230 mm tó ti jẹ kù díẹ̀ tàbí tó ṣì tuntun ni wọ́n máa ń fẹ́ dè mọ́ ọn, kó lè gé irin tó nípọn. Gáàdì kò ní gbà á, wọ́n á tú u. Dísíkì ńlá yẹn kò gbọ́dọ̀ ju ìyípo 6,650 lọ. Lórí maṣíìnì kékeré, tó bá tuntun, etí rẹ̀ yóò máa sá bíi mítà 132 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Agbára tó ń fẹ́ fà á ya á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta ohun tí wọ́n ṣe é fún. Òkúta Sheffield nìyẹn, tí ẹni tó gùn ún ti sọ gáàdì nù. Àwọn kan tilẹ̀ ń de abẹ onéyín tí wọ́n fi ń la pákó mọ́ ọn. Ìyẹn kì í fọ́. Ṣe ló máa ń há sínú igi, tí maṣíìnì á fò padà sí ọwọ́ tàbí itan ẹni tó dì í mú.

Nítorí náà, ẹ ka nọ́ńbà ìyípo tó wà lára dísíkì, kó má kéré sí ti maṣíìnì. Òrùka irin àárín rẹ̀ sábà máa ń ní ọjọ́ tí lílò rẹ̀ parí, nítorí oje tó dì í pọ̀ ń gbó, ọ̀rinrin sì ń bà á jẹ́. Dísíkì tó já bọ́ sílẹ̀, ẹ má dè é. Ẹ yọ páláàgì kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá dè é tán, ẹ jẹ́ kó yí lásán fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ̀yin àti ẹlòmíràn má dúró ní ìlà ibi tó kọjú sí. Dísíkì tinrín tí a fi ń gé, ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ họ nǹkan. Ọwọ́ méjèèjì ló ń di maṣíìnì mú, kí gáàdì sì wà láàárín ojú yín àti dísíkì. Jígí òòrùn kì í ṣe jígí ààbò. Aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ kò dára nídìí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni agolo epo bẹntiróòlù kò gbọ́dọ̀ wà níbi tí iná ń ta sí.

Àmọ́ ohun tó ká wa lára jù ni pé àìsàn Sheffield ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Dísíkì kò ní sílíkà mọ́. Táìsì, kọnkéré àti gíránáìtì ní. Ìgbà tí táílà bá fi fáìlìn gé táìsì ní gbígbẹ, eruku tó ń sọ ìpéǹpéjú rẹ̀ di funfun yẹn jẹ́ ọmọ ìyá eruku tó pa àwọn olùpọ́n fọ́ọ̀kì. Silicosis ni orúkọ àìsàn náà, kò sì ní ìwòsàn. Ní Australia, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gé òkúta àtọwọ́dá fún orí kábọ́ọ̀dù ilé ìdáná kó o débi tí ìjọba fi gbẹ́sẹ̀ lé òkúta náà láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2024.

Omi tó fi ọdún mẹ́wàá kún ẹ̀mí ní Sheffield ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má bu omi sórí fáìlìn oníná lásán, iná á gbé yín. Maṣíìnì tí wọ́n ṣe omi mọ́ wà. Èyí tó tilẹ̀ rọrùn jù ni irinṣẹ́ ọlọ́wọ́ tó ń fa ìlà sára táìsì, tí wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ kó já. Kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ní eruku, kì í sì í jẹ iná. Níbi tí fáìlìn bá ti di dandan, áńkáṣíìfù tí a dì mọ́ imú kò lè dá eruku yìí dúró, àfi ìbomú irú N95. Ọmọ iṣẹ́ tó ń bá ọ̀gá rẹ̀ di táìsì mú nígbà tó ń gé e, afẹ́fẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń fà símú. Tí ìbomú kan ṣoṣo bá sì wà ní ṣọ́ọ̀bù, imú ọ̀gá ló máa ń wà.