Àwọ̀tẹ́lẹ̀ Amòòkùn: Ìtàn Òtútù àti Làkúrègbé

Ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ àròkọ tòní. Èkíní ni "mòòkùn", èyí tí í ṣe pé kí ènìyàn ki orí bọ omi, kí ó sì lọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi èyí ṣe iṣẹ́, amòòkùn ni n ó máa pè é. Èkejì ni "àwọ̀tẹ́lẹ̀", ẹ̀wù tí a kọ́kọ́ wọ̀ kí a tó gbé èyí tí ayé ń rí lé e. Ìtàn kan wà tí ó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1782, Royal George, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, rì sí Spithead nítòsí Portsmouth. Ènìyàn tí ó lé ní 800 ni ó bá a lọ. Láàárín ọdún 1839 sí 1843, Ọ̀gágun Charles Pasley kó àwọn amòòkùn lọ síbẹ̀ láti tú àfọ́kù ọkọ̀ náà kúrò lójú ọ̀nà. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni aṣọ tí Augustus Siebe ṣe ti gbayì. Ọmọ Jámánì ni Siebe, London ni ó sì ń gbé. Aṣọ náà ní akoto bàbà tí a dè mọ́ ẹ̀wù kánfáàsì onírọ́bà, kí omi má baà wọlé.

Ṣùgbọ́n omi ni rọ́bà ń lé, kò lè lé òtútù. Omi ń gbé ooru kọjá ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn amòòkùn ayé àtijọ́ fi ń wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ onírun àgùntàn: ẹ̀wù, ṣòkòtò, ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà. Kì í ṣe irun náà gan-an ni ó ń mú ara móoru bí kò ṣe afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín rẹ̀. Bí òógùn bá rin irun àgùntàn, ó ṣì ń gbìyànjú; aṣọ òwú ní tirẹ̀ a mu omi, a lẹ̀ mọ́ ara, a sì fi olówó rẹ̀ sílẹ̀ fún òtútù.

Síbẹ̀, Pasley kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú àwọn tí iṣẹ́ náà ti mọ́ lára, kò sí ẹnì kan tí làkúrègbé àti òtútù kò kọlù léraléra. Wákàtí mẹ́fà sí méje ni wọ́n ń lò lójúmọ́ nínú omi tí ó jìn tó nǹkan bí 20 mítà. Òtútù ni wọ́n dá lẹ́bi. Èmi náà ì bá dá a lẹ́bi, nítorí bí ọyẹ́ bá mú nílẹ̀ wa, ta ni kì í gbọ́ kí àgbàlagbà máa ráhùn oríkèé?

Ní ọdún 1878 ni Paul Bert, onímọ̀ ará Faransé, ṣàlàyé ohun mìíràn. Náítírójìn tí ìwúwo omi fún wọ inú ẹ̀jẹ̀ a máa yọ ìhó bí ọṣẹ bí ènìyàn bá yára gòkè. Ní ọdún 1908, John Scott Haldane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àtẹ jáde tí ó fi hàn bí amòòkùn yóò ṣe máa dúró díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń gòkè. Ó jọ pé àrùn ìhó yìí ni púpọ̀ nínú ohun tí Pasley pè ní làkúrègbé.

Ṣé òtútù wá jàre ni? Rárá o. Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹni tí ara rẹ̀ móoru nísàlẹ̀, tí ó wá tutù nígbà tí ó ń gòkè, ni àrùn náà ń mú jù. Bí ara bá móoru nígbà ìgòkè, ewu náà ń dín kù gidigidi.

Nítorí náà, ẹni tí yóò bá yan àwọ̀tẹ́lẹ̀ fún omi tútù, kí ó má ṣe fi bí ara rẹ̀ ṣe rí létí omi ṣe òṣùwọ̀n. Ìṣẹ́jú tí ó kẹ́yìn ni kí ó rò. Kí ó yan irun àgùntàn tàbí irun àtọwọ́dá tòde òní, kí ó sá fún òwú. Kí ó má sì ki í jù, nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò máa gbé e léfòó, òjé tí yóò so mọ́ra yóò sì pọ̀ sí i.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Tìtorí ìpadàbọ̀ ni a ṣe ń wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀.