Ogun Ẹ̀mí àti Ẹ̀kọ́ Ọmọ-Ẹ̀yìn: Ìtàn Àwọn Aládùúrà láti Ọdún 1918

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Bí arọ bá ti gbúròó ogun ní kùtùkùtù, yóò ti wá ibi ìsádi kí ogun náà tó wọ ìlú. Ọ̀rọ̀ yìí bá ìjọ Kristi ní ilẹ̀ wa mu. Ìjọ tí kì í sọ̀rọ̀ ogun ẹ̀mí kò pọ̀ mọ́ lónìí. Wọ́n ń gba àdúrà ìṣẹ́gun, wọ́n ń ṣọ́ òru, wọ́n ń gbààwẹ̀ lé àwẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà bèèrè: ta ni jagunjagun náà, ta ni ó kọ́ ọ lógun, ta sì ni ọ̀tá tí ó ń bá jà gan-an? Ìtàn àwọn Aládùúrà ni ó yẹ kí á wádìí fún ìdáhùn, nítorí àwọn ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ogun yìí wọ àárín ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá.

Àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n mú ẹ̀sìn Kristi wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò fi ọ̀rọ̀ ọ̀tá àìrí ṣe pàtàkì. Ìwé, ilé-ẹ̀kọ́, òwò àti oògùn òyìnbó ni wọ́n fi ṣáájú. Bí ọmọ ìjọ bá ní ayé ń lépa òun, ìgbàgbọ́ asán ni wọn yóò kà á sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í tán lára ènìyàn nítorí pé wọ́n sọ fún un pé kò sí ohun tó ń bà á. Bí gìrì bá gbé ọmọ lóru, tàbí bí aboyún bá ń rọbí tí kò rí ọmọ bí, àwọn kan tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi a máa yọ́ lọ sí ilé adáhunṣe. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọn a wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ońdè a sì wà lábẹ́ aṣọ náà.

Ọdún 1918 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú, tí ó jà káàkiri àgbáyé, gba etíkun Èkó wọ ilẹ̀ wa ní oṣù September ọdún náà, ó sì pa ènìyàn lọ rẹpẹtẹ. Oògùn òyìnbó kò ràn án, ti ìbílẹ̀ kò ràn án. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan kóra jọ láti máa gbàdúrà. J. B. Ṣádárè ni olórí wọn. Sophia Ọdúnlàmí, olùkọ́ obìnrin, sì wà láàárín wọn, ẹni tí ó ń wàásù pé kí àwọn aláìsàn fi àdúrà àti omi òjò gba ìwòsàn. Orúkọ tí wọ́n fún ara wọn ni Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Nígbà tí ó di ọdún 1922, wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà nítorí àríyànjiyàn lórí ìrìbọmi ọmọdé àti ìwòsàn nípa ìgbàgbọ́ nìkan.

Ohun kan wà níhìn-ín tí kò yẹ kí ó fo olùwádìí dá. Ogun àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí jà, ara wọn ni wọ́n gbé e kò. Wọn kò kọ́kọ́ wá ẹni tó fi àrùn ránṣẹ́. Ońdè tó wà lábẹ́ aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sọ nù, wọ́n sì yàn láti ní ọkàn kan dípò ọkàn méjì. Ẹni tí yóò bá wọn ṣe gbọ́dọ̀ kọ oògùn sílẹ̀, kí ó máa gbàdúrà, kí ó máa gbààwẹ̀, kí ó sì máa ka Bíbélì. Ogun ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ni.

Ní Èkó, ní oṣù June ọdún 1925, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Àbíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n lọ sínú ìran lẹ́yìn tí ó lọ wo àjọ̀dún àwọn ìjọ Àgùdà. Mósè Orímọládé, ọmọ Ìkàrẹ́, ẹni tí ó ti ń wàásù káàkiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni wọ́n pè láti wá gbàdúrà fún un. Láti ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Séráfù ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó wá di Kérúbù àti Séráfù. Orúkọ ogun ọ̀run ni wọ́n gbé lé ara wọn, Máíkẹ́lì olórí áńgẹ́lì ni wọ́n sì mú ní balógun wọn. Títí di òní olónìí, aṣọ funfun àti ìṣọ́ òru ni àmì tí a fi ń dá wọn mọ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá jáde ni ọ̀rọ̀ ogun ẹ̀mí di ohun tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá gbọ́. Ọdún 1904 ni wọ́n bí i. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, lẹ́yìn náà ni ó ń wa ẹ̀rọ tí ìjọba fi ń tẹ títì. Ní oṣù October ọdún 1928, ẹ̀rọ náà dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì jẹ́rìí pé ibẹ̀ ni òun ti gbọ́ ohùn tí ó pe òun. Agogo àti omi àdúrà ni ó mú lọ́wọ́. Ní oṣù July ọdún 1930, nígbà tí àwọn olórí ìjọ Faith Tabernacle ń ṣe ìpàdé ní Òkè-Ooyè, ní Iléṣà, ìsọjí ńlá bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wá láti Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Ìbàdàn àti ibòmíràn. Wọ́n kó oògùn, ìgbàdí àti ère jáde, wọ́n sì dáná sun wọ́n.

Èrò tó wá ní ọjọ́ kan lè túká ní ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó ti sun ońdè rẹ̀ ní Iléṣà yóò padà sí abúlé rẹ̀. Bí ibà bá tún dé ńkọ́? Bí ẹ̀rù bá tún kàn án ní òru ńkọ́? Àwọn olórí mọ̀ pé iná kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kọ́. Nítorí ìdí èyí àti nítorí pé ìjọba amúnisìn ń fura sí wọn, D. O. Odùbánjọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé sí ìjọ Apostolic ní Bìrìtéènì. Ní ọdún 1931, àwọn aṣáájú ìjọ náà dé Èkó. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, George Perfect àti Idris Vaughan wá láti máa gbé láàárín wọn.

Ní àkókò yìí kan náà ni ìbéèrè nípa ọ̀tá fẹjú. Josiah Ọ̀ṣìtẹ́lù, ẹni tí ó dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ògèrè ní ọdún 1930, fẹ́ bá àwọn ará Faith Tabernacle ṣiṣẹ́ pọ̀. Wọ́n bá a jókòó, ṣùgbọ́n ní ọdún 1931 wọ́n pínyà. Ohun tó fa ìpínyà náà ni àwọn orúkọ mímọ́ àjèjì tí ó ń pè nínú àdúrà, ọ̀rọ̀ aya púpọ̀, àti títọ́ka sí àwọn ènìyàn pé àjẹ́ ni wọ́n. Babalọlá pàápàá kò bọ́ nínú wàhálà ọ̀rọ̀ àjẹ́. Ní ọdún 1932, nítorí ẹ̀sùn tí ó jẹ mọ́ ọn, ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Bìní. Òfin ìjọba kò fi àyè gba kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn. Àwọn onígbàgbọ́ kan ka ẹ̀wọ̀n náà sí inúnibíni, kò sì yani lẹ́nu. Síbẹ̀, ó fi hàn pé ojú ọ̀nà tó wà láàárín ogun pẹ̀lú ẹ̀mí àìrí àti ogun pẹ̀lú aládùúgbò ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an ni.

Ohun tí ogun ń dà bí kò bá ní ẹ̀kọ́ nínú hàn gbangba ní ọdún 1950 sí 1951. Láti ilẹ̀ Dahomey, tí ó ń jẹ́ Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ nísinsìnyí, ni àwọn Àtìńgà ti wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò. Ẹgbẹ́ tó ń mú àjẹ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe Kristẹni. Wọ́n ń jó, wọ́n ń nawọ́ sí àwọn obìnrin, pàápàá àwọn àgbàlagbà. Obìnrin tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́, kí ó sì san owó ìwẹ̀nùmọ́. Wọ́n ba ojúbọ òrìṣà jẹ́ káàkiri kí ìjọba tó fòfin dè wọ́n. Ohun ìbànújẹ́ ibẹ̀ ni pé àwọn ará ìlú fúnra wọn ni wọ́n dáwó láti pè wọ́n wá. Ẹ̀rù tí ó kó èrò lọ sí Òkè-Ooyè náà ni ó mú wọn ṣe é. Ní Òkè-Ooyè, oníkálùkù ni ó kó ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wá. Níwájú Àtìńgà, ìyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń fà wá.

Ẹni tí ìgbésí ayé rẹ̀ fi ọ̀nà kejì hàn ni Isaac Babalọlá Akínyẹlé ti Ìbàdàn. Òǹkọ̀wé ni, òun ni ó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn. Nígbà tí àwọn ará ilé àti àwọn òyìnbó Apostolic pínyà ní ìparí àwọn ọdún 1930, nítorí pé àwọn òyìnbó ń lo oògùn ibà, Akínyẹlé wà lára àwọn tí wọ́n dúró lórí ìwòsàn nípa àdúrà. Láti inú ìpínyà yẹn ni Christ Apostolic Church ti jáde, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní ọdún 1943, òun sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ènìyàn lè má gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oògùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jẹ Olúbàdàn ní ọdún 1955, títí ó fi wàjà ní ọdún 1964, gbogbo ìlú mọ̀ pé aládùúrà ni ọba wọn, kò sì fi oyè pa ìgbàgbọ́ rẹ̀ dà. Iṣẹ́ ọjọ́ kan kọ́ ni irú ìdúróṣinṣin bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìsọjí mìíràn bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ní ọdún 1973, W. F. Kúmúyì, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú ènìyàn 15. Èyí ni ó di ìjọ Deeper Life. Ní ọdún 1989, Daniel Olúkòyà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, bẹ̀rẹ̀ ìpàdé àdúrà tí ó di Mountain of Fire and Miracles. Ẹ̀kọ́ Bíbélì ni àwọn ènìyàn fi mọ ti àkọ́kọ́, àdúrà ogun ni wọ́n fi mọ ti ìkejì. Ohun méjì tí Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye dì pọ̀ ní ìdì kan ni àwọn ènìyàn wá ń yà sọ́tọ̀ lẹ́nu báyìí, bí ẹni pé ọmọ ìjọ lè mú ọ̀kan kí ó fi èkejì sílẹ̀.

Ewu rẹ̀ kò kéré. Ní ọdún 2008, Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom ní láti ṣòfin tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pe ọmọdé ní àjẹ́, nítorí pé wọ́n ń lu àwọn ọmọ, wọ́n sì ń lé wọn jáde nílé lórí ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, àwọn oníwàásù kan sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Àwọn Àtìńgà ti lọ tipẹ́. Ìwà wọn ni kò lọ.

Pọ́ọ̀lù, nígbà tí ó ń kọ̀wé sí àwọn ará Éfésù, sọ ọ́ yéni pé ọ̀tá Kristẹni kì í ṣe ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni ó ka ìhámọ́ra ogun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: òtítọ́ ni àmùrè, òdodo ni ìgbàyà, ìyìn rere àlàáfíà ni bàtà, ìgbàgbọ́ ni asà, ìgbàlà ni àṣíborí, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni idà. Kí olúkúlùkù yẹ̀ wọ́n wò dáadáa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ènìyàn lè gbé wọ̀ ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo. Òpùrọ́ kò ní àmùrè, bí ó ti wù kí ohùn rẹ̀ le tó lórí òkè àdúrà. Ẹni tó ń rẹ́ aládùúgbò rẹ̀ jẹ kò ní ìgbàyà. Ẹni tí ó sì lé ìyá rẹ̀ àgbà jáde nínú ilé nítorí àlá tí wọ́n lá fún un, òun fúnra rẹ̀ ni ọ̀tá ti ṣẹ́gun. Arọ inú òwe gbọ́ ìró ogun, ó sì gbọ́n. Ìjọ òde òní ti gbọ́ ìró náà fún ọdún tó lé ní 100; ọgbọ́n ni ó kù kí ó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.