Lítà Mélòó Ni Owó Oṣù Rà?

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún, ọdún 1914, epo ru jáde ní Turner Valley, nítòsí Calgary ní Kánádà, nínú kànga tí Archibald Dingman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbẹ́. Epo náà fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dà á sínú ọkọ̀ láìfọ̀ ọ́, tí ọkọ̀ sì rìn. Ìlú dàrú. Owó kún ọwọ́ àwọn tó ń ta ìpín ìdókòwò débi pé inú apẹ̀rẹ̀ ìdalẹ̀nù ni wọ́n ń dì í sí. Ilé iṣẹ́ epo tó lé ní 500 fò dìde, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gbẹ́ kànga kankan. Nígbà tí wọ́n tún rí epo rẹpẹtẹ ní Leduc lọ́dún 1947, Calgary ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá kọ́ olú ọ́fíìsì wọn sí.

Nítorí náà, ẹ̀yìn epo ni oúnjẹ ará Calgary wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1980, ìjọba àpapọ̀ Kánádà lábẹ́ Pierre Trudeau gbé ètò National Energy Program kalẹ̀, kí epo lè pọ́ fún ará Kánádà ju ti ọjà àgbáyé lọ. Ará ìlà-oòrùn Kánádà yọ̀. Inú bí Calgary. Peter Lougheed, olórí ìjọba Alberta, ìpínlẹ̀ tí Calgary wà, ní kí wọ́n dín epo tí wọ́n ń fà kù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ agbẹ́kànga sọdá sí Amẹ́ríkà, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Wọ́n fagi lé ètò náà ní 1985, àmọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, owó epo já wálẹ̀ lágbàáyé. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, àwọn onílé tí gbèsè báńkì wọ̀ lọ́rùn ń gbé ilé wọn fún ẹlòmíràn ní dọ́là kan péré.

Ní Nàìjíríà, ìjà lórí iye epo gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1981, òfin sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di náírà 125, nígbà tí lítà epo kan jẹ́ kọ́bọ̀ 15 àti díẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó kéré jù lè ra epo tó lé ní 800 lítà. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, ìjọba sọ epo tó wà ní náírà 65 di 141. Àwọn èèyàn tú jáde sí Ọ̀jọ́ta ní Èkó láti fẹ̀hónú hàn, wọ́n sì já a wá sí 97. Owó oṣù náírà 18,000 ìgbà náà lè ra nǹkan bíi lítà 185.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023. Nígbà tí ọdún 2024 yóò fi máa parí lọ, owó oṣù ti di náírà 70,000, lítà kan sì ti tó nǹkan bí 1,000. Lítà 70 péré nìyẹn, nínú èyí tí jẹnẹrétọ̀ yóò ti mu tirẹ̀.

Lítà yẹn kò pé dọ́là Kánádà kan, ìyẹn ló fi dà bíi pé ó pọ́ ju ti Calgary lọ. Ṣùgbọ́n láti 2018, owó iṣẹ́ wákàtí kan tó kéré jù lọ ní Alberta jẹ́ dọ́là 15. Bí lítà bá tilẹ̀ jẹ́ dọ́là kan àti àbọ̀, wákàtí méje ló ń ra lítà 70 tí òṣìṣẹ́ Nàìjíríà fi odidi oṣù ṣiṣẹ́ fún.

Ìjọba tó bá fẹ́ fi iye epo Nàìjíríà wé ti ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ gbé owó oṣù òṣìṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí ará ìlú lè rí méjèèjì pa pọ̀.