Orúkọ Ìwé Wa Nínú Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ wo lẹ́tà ẹ. Ẹ wo àmì kékeré tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Àmì yìí ní ìtàn.

Ní ọdún 1853, Samuel Crowther wá sí Kétu. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìjọ CMS ni wọ́n ń fi èdè wa sínú ìwé. Àwọn ni wọ́n fi àmì sábẹ́ e, o àti s. Ní ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sí apá Faransé. Ní ọdún 1975, ìjọba yan lẹ́tà mìíràn fún àwọn èdè Benin: ɛ, ɔ, sh. Ìdí nìyí tí Bíbélì tí ó ti Nàìjíríà wá kò fi jọ ìwé ìjọba. Èmi, ti Crowther ni mo kọ́kọ́ mọ̀, òun ni mo fi kọ èyí. Kí ẹni tí ó mọ ɛ má bínú.

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ni ó mọ̀. Ní ọdún 1963, àwọn ará Amẹ́ríkà fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Àyè 128 péré ni wọ́n ṣe, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó sì bọ́ sí i. Nígbà tí ó yá, Faransé rí àyè fún é àti è tiwọn. Ẹ̀rọ lè kọ Pobè. Kò lè kọ Pọbẹ.

Nígbà kan, mo kọ ìtàn àwọn ọdẹ Kétu sínú ẹ̀rọ. Mo sọ ìwé náà ní «Ọdẹ». Mo gbé e lọ sí ẹ̀rọ mìíràn, mo rí «?d?». Mo tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Windows kì í gba àmì ìbéèrè nínú orúkọ ìwé rárá. Mo padà lọ yí i sí «Ode», ó ṣí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀ bóyá ọdẹ ni mo wí, tàbí òde, tàbí ọ̀dẹ̀? Inú àwọn ọdẹ kò ní dùn sí ìkẹta yẹn.

Ní ọdún 1991, àkójọ nọ́ńbà tuntun jáde, Unicode ni orúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ gba lẹ́tà gbogbo ayé. ɛ àti ɔ wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ wọlé ní ọdún 1993. A kò dá nìkan ní wọn: àwọn ará Vietnam náà ń kọ ẹ àti ọ.

Ṣùgbọ́n ẹ́, tí ó ní àmì ohùn lórí, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹnì kan lè to ẹ mọ́ àmì òkè, ẹlòmíràn lè to é mọ́ àmì ìsàlẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, orúkọ méjì ni. Bí ẹ bá wá ìwé yín, tí ẹ̀rọ ní kò sí, ẹ má tètè rò pé ó ti sọnù. Ẹ ṣí ibi tí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, kí ẹ fi ojú ara yín wá a.