Ìrántí Ọlọ́run Nígbà Gbogbo

Ìrántí Ọlọ́run nígbà gbogbo ni àṣà tí Kristẹni fi ń gbìyànjú kí ọkàn rẹ̀ má kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ì báà jẹ́ nídìí iṣẹ́, lójú ọ̀nà tàbí lórí ibùsùn. Orí ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù ló dúró lé, nígbà tó kọ̀wé sí àwọn ará Tẹsalóníkà (1 Tẹsalóníkà 5:17) pé kí àdúrà má ṣe dá lẹ́nu wọn. Àṣẹ náà kúrú, ṣùgbọ́n ó le: ẹni tó ń gúnyán kò lè wà lórí ìkúnlẹ̀.

Wákàtí ni àwọn Kristẹni ìjímìjí kọ́kọ́ dá sí i. Ọwọ́ àwọn Júù ni wọ́n ti bá èyí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni Dáníẹ́lì ń gbàdúrà, aago mẹ́ta ọ̀sán sì ni Pétérù àti Jòhánù ń gòkè lọ sí tẹ́ńpìlì nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 3. Ohun táwọn mọ́ńkì aginjù Íjíbítì ń wá ju ìyẹn lọ. John Cassian kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún karùn-ún pé Ábà Isaac, ọ̀kan lára wọn, ní kí èèyàn máa fi ẹsẹ kìíní Sáàmù 70, ẹ̀bẹ̀ kúkúrú fún ìrànlọ́wọ́, sẹ́nu láti àárọ̀ dalẹ́, kí oorun sì bá a lẹ́nu rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹfà, Benedict ṣètò fún àwọn mọ́ńkì rẹ̀ àdúrà ìgbà méje lójúmọmọ àti ọ̀kan lóru, ó sì pàṣẹ pé kí ẹni tó ń bójú tó ẹrù ilé máa mú gbogbo ohun èlò ibẹ̀ bí ohun mímọ́ orí pẹpẹ.

Ọ̀rọ̀ ohun èlò yìí ni Nicolas Herman, tí a mọ̀ sí Arákùnrin Lawrence, fi ayé rẹ̀ ṣe. Lorraine ni wọ́n bí i sí. Ó jagun nínú Ogun Ọgbọ̀n Ọdún, ó fara gbọgbẹ́, ó sì di atiro. Ní 1640, ó wọ ilé àwọn mọ́ńkì Kármẹ́lì ní Paris. Kì í ṣe àlùfáà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni tirẹ̀, ilé ìdáná ni wọ́n sì fi í sí. Kò fẹ́ràn ibẹ̀ rárá, síbẹ̀ nǹkan bí ọdún 15 ló lò níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń tún sálúbàtà ṣe. Ó máa ń sọ pé ìfẹ́ Ọlọ́run lòun fi ń yí ẹyin díndín nínú agbada. Bó bá jinná, tí iṣẹ́ mìíràn kò sí nílẹ̀, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á júbà, á dìde. Wọ́n rán an lọ ra wáìnì ní Burgundy, ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó lè rìn nínú ọkọ̀ ojú omi, ló bá ń yí gbirigbiri lórí àwọn àgbá. Iṣẹ́ Ọlọ́run lòun wá ṣe, ó ní, iṣẹ́ náà sì yọrí dáadáa. Àwọn tó ń polówó rẹ̀ bí oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀ kì í sábà fi kún un pé ọdún mẹ́wàá ló fi joró nínú ọkàn, lẹ́nu òun fúnra rẹ̀, kó tó rí ìsinmi.

Ó kú ní 1691. Joseph de Beaufort tẹ lẹ́tà àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ rẹ̀ jáde ní 1692 àti 1694. Láìpẹ́, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Kátólíìkì ilẹ̀ Faransé lórí ẹ̀kọ́ bíṣọ́ọ̀bù Fénelon nípa àdúrà inú ọkàn, wọ́n sì ń fura sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ẹni tí Ọlọ́run ń gbé lọ́kàn rẹ̀ tọ̀sán-tòru lè ní òun kò nílò ìjọ mọ́. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ló gbé ìwé Lawrence káàkiri, John Wesley sì wà lára wọn.

Ní 1930, ní erékùṣù Mindanao ní Philippines, Frank Laubach, míṣọ́nárì ará Amẹ́ríkà, fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn lè rántí Ọlọ́run ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Nínú lẹ́tà sí bàbá rẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òun ń kùnà lemọ́lemọ́. Tèmi ni pé ìjẹ́wọ́ yẹn wúlò ju kíka ìṣẹ́jú lọ.

Nílẹ̀ Yorùbá, lọ́dọ̀ àwọn Aládùúrà, wákàtí ló ṣì ń ṣíwájú. Aago 6, 9, 12 àti 3 ni wọ́n ń gbàdúrà nínú Kérúbù àti Séráfù, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1925. Ẹni tí kò lè dé ilé àdúrà á dúró díẹ̀ nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnu ni ìrántí àwọn Kristẹni Yorùbá yòókù ń gbé jù: “bí Ọlọ́run bá fẹ́”, “nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run”. Èyí tó ti ọkàn wá wà níbẹ̀, èyí tí kò dé ọ̀fun náà wà níbẹ̀. Télọ̀ tó mọ̀ pé aṣọ kò ní í yá lọ́jọ́ Sátidé náà á sọ fún oníbàárà pé, “Lágbára Ọlọ́run, ẹ wá gbà á.”